Àgbà ìjọ fún ọ̀dọ́ tí kò ní alátìlẹ́yìn: kí ló máa ń bà á jẹ́?

Ará Mọ̀ọ̀rè: Ẹ kú ilé o. Ìjọ wa n'Ífẹ̀ fẹ́ yan àgbà tí yóò máa tọ́ ọ̀dọ́ mẹ́jọ sọ́nà, ọmọ ọdún 14 sí 17. Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ Lágere: Ọmọ kan fún àgbà kan, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni méjì tí kì í ṣe ará ìjọ nípa ìwà àgbà náà. Ojútáyé ni kí wọ́n ti máa pàdé, wákàtí kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán fún ọdún kan. Àgbà tó wá lẹ́ẹ̀mẹta tó sì pòórá ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ọmọ tí wọ́n ti já jù sílẹ̀ rí lè má gba ẹlòmíì gbọ́ mọ́. Ó sàn kẹ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́: Òótọ́ ni. Ẹ má sì kó owó lé ọmọ náà lọ́wọ́ o. Ilé-ìwé ni kẹ́ ẹ san owó WAEC fún. Kẹ́ ẹ tó gbàdúrà gígùn, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.

Ará Mọ̀ọ̀rè: Bó bá ní wọ́n ń lu òun nílé ńkọ́?

Olùkọ́ Lágere: Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kẹ́ ẹ lọ sọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba lọ́jọ́ náà. Kì í ṣọ̀rọ̀ tí pásítọ̀ ń parí lábẹ́lẹ̀.