Ìtàn ìfẹ́ tí onílé mi sọ fún mi ní Hyderabad

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìrírí tèmi kún tiyín lórí ìtàn ìfẹ́ tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹ̀yà mìíràn.

Nígbà tí mo ń kàwé ní Hyderabad, ní gúúsù Íńdíà, ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń sọ èdè Telugu ni mo ti háyà yàrá. Àǹtí la máa ń pè wọ́n. Bí iná bá ti lọ lálẹ́, ìtàn ìfẹ́ ni wọ́n máa ń sọ fún wa. Ẹbí ló sì máa ń kún inú ìtàn wọn: ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá, àwọn tó ń jà sí ilẹ̀ etí odò Godavari.

Nígbà tó yá, wọ́n sọ tiwọn. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ọkùnrin bí ni ọkọ wọn! Mo lanu, nítorí èèwọ̀ gbáà ni nílé wa. Àǹtí ní lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn ọmọ tí ọkùnrin méjì ọmọ ìyá bí kò gbọdọ̀ fẹ́ra, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ọmọ arákùnrin lè fẹ́ ọmọ arábìnrin. Láti kékeré ni ará ilé ti ń dápàárá pé, "Ọkọ ẹ ti dé o!" Lásìkò ọdún Sankranti, ní oṣù kìíní, tí àwọn obìnrin bá fi ìyẹ̀fun ya ọnà sí ojúde, ọmọkùnrin yìí á mọ̀ọ́mọ̀ tẹ ti Àǹtí mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè lé e.

Owó ló fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Níbẹ̀, ilé ọkọ ló máa ń béèrè owó lọ́wọ́ ilé ìyàwó. Òfin Íńdíà ti kà á léèwọ̀ láti 1961, síbẹ̀ wọ́n ń gbà á. Bàbá ọkọ, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá Àǹtí, béèrè owó lọ́wọ́ àbúrò ara rẹ̀! Inú bí mi bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Ìyá àgbà ló dá sí i: òun ò ní fẹnu kan oúnjẹ nínú ilé náà mọ́ bí wọ́n bá gba kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ta aṣọ sí àárín ọkọ àti ìyàwó. Nígbà tí àkókò tí àlùfáà yàn pé, oníkálùkù fi kúmínì tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ṣúgà ìrèké lé orí ẹnì kejì, kí wọ́n tó ká aṣọ kúrò. Lójú mi, ìfẹ́ tí ìyá àgbà jà fún yìí ju ti àwọn tó sá lọ fẹ́ra lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé láàárín àwọn Tamil, ẹ̀yà mìíràn ní gúúsù Íńdíà, ṣé bákan náà ni tiwọn?