Kọ̀ǹpútà àtòjọ fún fídíò ń kọsẹ̀ ní 4K: kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ojú_Ayẹyẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà àtòjọ ni mo fi ń ge fídíò n'Ìbàrà níbí: processor Ryzen 5 2600, bọ́ọ̀dù B450 tó ní ojú RAM mẹ́rin, RAM 8GB ẹyọ kan, káàdì àwòrán GTX 1050 Ti 4GB, SSD 240GB tí Windows wà lórí rẹ̀, hard disk 1TB tí mo ń kó iṣẹ́ sí. Power supply rẹ̀ 500W, kò lórúkọ. Premiere Pro ni mo ń lò. Òde ìgbéyàwó ló pọ̀ jù: kámẹ́rà Sony méjì, 4K, pẹ̀lú fídíò fóònù àwọn àlejò. Tí mo bá ti to kámẹ́rà méjèèjì léra wọn, àwòrán á máa kọsẹ̀, ohùn á ti lọ. Ti fóònù tún wá burú jù: tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹnu àti ohùn ò ní bára mu mọ́. ₦350,000 ló wà nílẹ̀. Wọ́n ní kí n da gbogbo ẹ̀ lé káàdì àwòrán RTX 3060. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹlẹ́rọ_Kútọ̀:
Ẹ má tíì ra káàdì kankan. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ bọ́ sí Performance, kí ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà máa lọ títí yóò fi kọsẹ̀. Èyí tó bá kún fọ́fọ́ nígbà yẹn lẹ máa náwó lé. Pẹ̀lú 8GB, Memory ni yóò kọ́kọ́ kún, kò sí àní-àní. Tí RAM bá tán, Windows á máa kó ẹrù lọ sórí dísìkì, á tún máa lọ kó o padà, ẹ̀yin á sì jókòó máa wò ó.

Ẹyọ kan ṣoṣo tún ní àléébù tirẹ̀: ojú ọ̀nà méjì ni processor yẹn ní sọ́dọ̀ RAM, ẹ ti pa ọ̀kan tì. Ẹ ra 2×16GB DDR4 3200 tó jọ wá nínú páálí kan, kí ẹ yọ 8GB àtijọ́ kúrò pátápátá. Ojú kejì àti ìkẹrin ni kí ẹ fi wọ́n sí, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí kà láti ẹ̀gbẹ́ processor. Lẹ́yìn náà ẹ tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré tó bí wọ́n ṣe tà á) nínú BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà), àwọn bọ́ọ̀dù kan ń pè é ní DOCP. Ryzen 5 2600 kò ṣèlérí eré RAM tó ju 2933 lọ, torí náà bó bá ń kú tó ń jí ní 3200, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 2933. Ojú ò ní rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ fi MemTest86, ètò tó ń wá àṣìṣe nínú RAM, dán an wò mọ́jú kí ẹ tó fi ṣiṣẹ́ oníbàárà.

Ohun tó kàn ni dísìkì. Kámẹ́rà tó ń kọ 100 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ 45GB ní wákàtí kan. Kámẹ́rà méjì, òde wákàtí márùn-ún, 450GB nìyẹn. Hard disk lè ka ìyẹn láìlàágùn bó bá ṣe pé fáìlì kan ló ń kà. Àmọ́ fáìlì méjì ló ń sáré láàárín wọn, cache, ìyẹn fáìlì ìgbà díẹ̀ Premiere, tún ń kọ nǹkan sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra NVMe 1TB, SSD tó yára tó ń wọ ojú M.2 lórí bọ́ọ̀dù, kí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àti Media Cache máa gbé ibẹ̀. Tí ẹ bá fi í sínú ojú M.2 tí hard disk wá pòórá, kò tíì kú: B450 púpọ̀ máa ń pa ojú SATA (ibi tí wáyà hard disk ń wọ̀) kan tàbí méjì nígbà tí M.2 bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ sún wáyà rẹ̀ sí ojú mìíràn.

Àwòrán_Àdìgbẹ:
Ọ̀gá Ẹlẹ́rọ ti sọ ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n a ò tíì béèrè irú fídíò tí kámẹ́rà yẹn ń kọ. Ẹ fi MediaInfo, ètò tó ń sọ bí wọ́n ṣe kọ fídíò, ṣí fáìlì kan. Kí ló kọ síwájú Format, Chroma subsampling àti Bit depth?

Fídíò fóònù ní tiẹ̀, ibì kan náà lẹ ó wò. Bí Frame rate mode bá jẹ́ Variable (iye fíráàmù ń yí padà), ìyẹn ló ń ya ohùn kúrò lẹ́nu, kò sí ohun tí ẹ lè rà tó máa wò ó sàn. HandBrake, ètò tó ń yí fídíò padà, ni: ní Video, ẹ yan Constant Framerate, kí iye rẹ̀ bá ti kámẹ́rà yín mu. Ìgbà tó bá jáde ni kí ẹ tó kó o wọ Premiere.

Ojú_Ayẹyẹ:
Ẹ ṣé, sà. AVC, 4:2:2, 10 bits. Àwọn ti fóònù, Variable ni gbogbo wọn.

Àwòrán_Àdìgbẹ:
Mo fura bẹ́ẹ̀. 1050 Ti kò lè tú 4:2:2 (bí kámẹ́rà yín ṣe ń tọ́jú àwọ̀), RTX 3060 náà kò lè tú u. Orí processor ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Àwọn RTX 50 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú u, owó yín kò sì dé ibẹ̀. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n á ní kí ẹ lọ ra Intel. Òótọ́ ni pé Intel láti ìran kọkànlá ń tú 4:2:2, ṣùgbọ́n ti HEVC ni, irú ìfúnpọ̀ fídíò mìíràn. AVC lẹ ní.

Proxy ló kù, ìyẹn ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́ tí ẹ ó fi ṣe gígé. Ẹ yan àwọn fáìlì ní Project, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, Proxy, Create Proxies, QuickTime, ProRes Proxy, ìdajì ìwọ̀n. Ní 1080p, fíráàmù 25, nǹkan bíi 17GB ni wákàtí kan máa jẹ. Iṣẹ́ òde wákàtí márùn-ún yẹn kò ní kọjá 170GB fún kámẹ́rà méjèèjì. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú 1TB: 500GB ti tó fún proxy àti cache, kí fídíò gidi jókòó sórí hard disk. Bọ́tìnnì Toggle Proxies, tó ń pààrọ̀ proxy àti fídíò gidi, kì í sí lójú fúnra rẹ̀, ẹ tẹ àmì + lábẹ́ àwòrán kí ẹ fà á jáde. Fídíò gidi ni Premiere fi ń ṣe export, àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ sí Use Proxies.

Ẹlẹ́rọ_Kútọ̀:
Mo gbà, 500GB. Ẹ fi èyí tó ṣẹ́kù kún owó processor.

Alàgbà_Pánṣẹ́kẹ́:
Àbúrò, tó o bá máa fi processor tuntun bíi Ryzen 7 5700X sórí bọ́ọ̀dù yẹn, BIOS ni kó o kọ́kọ́ sọ di tuntun, nígbà tí 2600 ṣì wà lórí rẹ̀. Ka ohun tí wọ́n kọ síwájú BIOS náà, torí àwọn kan ní kó o gba ti àárín kọjá kó o tó dé ti ìkẹyìn. Filáàṣì FAT32 ni kó o fi gbé e. Orí ínfátà ni kó o ti ṣe é. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ láàárín, bọ́ọ̀dù di pátákó nìyẹn.

Má fa heatsink (irin tó ń tu processor lára) àtijọ́ lójijì. Tí paste tó wà láàárín wọn bá ti gbẹ, á fa processor jáde nínú ojú rẹ̀ pẹ̀lú títì pa, pín-ìn-nì á sì tẹ̀. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pa á, yọ wáyà iná, yí heatsink síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kó o tó gbé e. 5700X kì í ní heatsink nínú páálí. Èyí tó bá 2600 wá lè gbé e, 65W ni àwọn méjèèjì, àmọ́ nínú ooru Abẹ́òkúta yìí, fi HWiNFO, ètò tó ń fi ooru rẹ̀ hàn, ṣọ́ ọ nígbà export: 90°C ni òpin rẹ̀, tó bá ti ń kàn án, á dín eré kù.

Tòkunbọ̀ lo bá rí, tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Pín-ìn-nì 1,331 ni processor AM4 (irú tó ń wọ bọ́ọ̀dù rẹ) ní, ìlà wọn gbọ́dọ̀ tọ́ bí eyín ìyarun.

Ojú_Ayẹyẹ:
Power supply ńkọ́, sà?

Alàgbà_Pánṣẹ́kẹ́:
Pẹ̀lú 1050 Ti, ó lè máa ṣe é lọ ná, ṣùgbọ́n èmi á pààrọ̀ rẹ̀ kí n tó ra káàdì kankan. 550W ni wọ́n ní kí RTX 3060 ní, ti olórúkọ, tó ní wáyà ojú mẹ́jọ tirẹ̀. Má fi àdápítọ̀ Molex (wáyà ojú mẹ́rin) gbé káàdì, ó máa ń yọ́. Tó o bá sì ń lo UPS olówó pọ́ọ́kú, béèrè bóyá pure sine wave ni (iná tó ń lọ geere bíi ti NẸ́PÀ): power supply tó dáa míì máa ń pa ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí irú UPS bẹ́ẹ̀ bá gba iná.