Ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, oyún ti di oṣù méje. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àṣàkẹ́: Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ìyá mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ìyá ọkọ mi ló ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, pé mo ti sanra jù. Nọ́ọ̀sì kígbe mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn pé ọ̀rá ti kún inú ẹ̀jẹ̀ mi. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ mi ti gbé kólóbó epo pamọ́, wọ́n ní mo fẹ́ pa ọmọ àwọn. Ọkọ mi ń wò mí. Bẹ́ẹ̀ mi ò jókòó o, Ọjà Igbó ni mo ti ń ta gaàrí. Ṣé ọ̀rá yìí á ṣe ọmọ mi ní nǹkan?

Ìyá Ìbejì: Ó ṣe èmi náà rí. Omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo ń mu láràárọ̀.

Alhaja Tákíẹ̀: Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í yọ́ ọ̀rá. Ẹ yé tan ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Ìbejì: Alhaja, ìbejì mi nìyí, ara wọn le koko!

Àǹtí Agbẹ̀bí: Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo aboyún ló ń gòkè, ọmọ ni ara ń kó o jọ fún. Èyí tí wọ́n ń pè ní triglyceride lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta kí oyún tó gbó. Tó bá wá kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ lè tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú ìyá, ọmọ sì lè wá kó tó pé oṣù. Èló ni wọ́n kọ síwèé? Ṣé wọ́n yẹ ṣúgà wò? Ọmọ kelòó nìyí?

Ìyá Àṣàkẹ́: Ìwé wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi. Èmi kì í lá ṣúgà, ẹ̀kọ yangan ni mò ń mu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sanra jù mí lọ, ẹnikẹ́ni ò bá wọn wí.

Alhaja Tákíẹ̀: Wọ́n bi ọ́ léèrè ọmọ kelòó!

Ìyá Àṣàkẹ́: Ìkejì ni, mà. 4.6 kílò ni àkọ́bí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó gbé e jáde. Ó ń gbọ̀n, wọ́n ní ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ní tí mo bá tún lóyún, kí n tètè yẹ ṣúgà wò. Ṣùgbọ́n ọmọ ńlá ni ìran wa ń bí.

Àǹtí Agbẹ̀bí: Àbúrò mi, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo mọ́. Ó jọ ìtọ̀ ṣúgà inú oyún, òun náà sì máa ń fa ọ̀rá gòkè. Ṣúgà ìyá tó pọ̀ ló ń mú kí ara ọmọ máa ṣe insulin, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, púpọ̀. Tí wọ́n bá gé ìwọ́ rẹ̀, ṣúgà ìyá dáwọ́ dúró, insulin ò dáwọ́ dúró, ìyẹn ló fà á tí àkọ́bí rẹ fi ń gbọ̀n. Má jẹun láàárọ̀ ọ̀la, lọ yẹ ṣúgà wò. Tí òkè inú bá ń dùn ọ́ títí dé ẹ̀yìn, tí o sì ń bì, má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ìyá Ìbejì: Kó sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ kún un.

Ìyá Àṣàkẹ́: Màá lọ, mà. Ta ló máa bá mi bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ owó àyẹ̀wò?