.env ń ṣiṣẹ́ lórí laptop, ó kọ̀ lórí sáfà

ỌmọAlágbàká, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ètò Node.js tí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà Ọba ń lò, dotenv (àfikún kóòdù kékeré kan) ló ń ka .env rẹ̀, ìyẹn fáìlì tí password àti ètò rẹ̀ wà. Lórí laptop, ó ń rí DB_PASSWORD, àmọ́ DEBUG=false ń ṣe bíi true. Lórí sáfà tí systemd (ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ ètò lórí Linux) ń gbé e dìde, DB_PASSWORD ń jáde ní undefined, bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Kí ló fà á?

ÀgbàKóòdù, Oǹdó:
Fódà tí wọ́n ti pe ètò náà ni dotenv ti ń wá .env, kì í ṣe fódà tí kóòdù wà. Bí ẹ kò bá sì sọ ibì kan fún systemd, `/` ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi `WorkingDirectory=` àti ọ̀nà fódà yín sábẹ́ `[Service]` nínú fáìlì tí systemd fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò náà, ẹ ṣe `systemctl daemon-reload`, kí ẹ wá tún service náà bẹ̀rẹ̀.

Bó bá ṣì ṣófo, ẹ gbé `import 'dotenv/config'` ṣáájú gbogbo import yòókù. Fáìlì database lè ti ka process.env (ibi tí dotenv ń kó ohun inú .env sí) kí dotenv tó fi nǹkan sí i.

Ti DEBUG, ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo ohun tó wà nínú process.env, JavaScript sì ka ọ̀rọ̀ tí kò ṣófo sí òótọ́. Ẹ kọ `process.env.DEBUG === 'true'`.

Adé_Ìjàpọ̀:
Bí password bá ní #, ẹ fi ' ' yí i ká, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ dotenv á gé e níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ git (ohun tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù yín) wò pẹ̀lú: bí .env bá ti wọ ibẹ̀ rí, .gitignore (àkójọ fáìlì tí git kò ní mú) kò lè yọ ọ́. `git rm --cached .env` ni kí ẹ lò, kí ẹ sì pààrọ̀ password, torí ó ṣì wà nínú commit àtijọ́, ìyẹn ẹ̀dà tí git ti fi pamọ́.