Màmá inú ìtàn mi ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Ìtàn tí mò ń kọ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń bọ̀, oníkálukú ti wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àmọ́ màmá àgbà kan jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń fi asẹ́ ku gààrí, ó lóun ò lọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni màmá yìí ń sọ létí mi. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ará Ọ̀yọ́ ní òun ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé òun. Mo yí i sí Yorùbá àjùmọ̀lò, ni màmá bá di olùkọ́ iléèwé mọ́ mi lọ́wọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pa á rẹ́. (Àbúrò mi ní ìyá bàbá wa ni mò ń kọ. Kò parọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́wọ́.)

Ṣé kí n fi ẹ̀ka-èdè sẹ́nu màmá nìkan, kí ẹni tó ń sọ ìtàn máa sọ àjùmọ̀lò? Àbí kí n kàn ta á síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iyọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe mọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró?