Ta ló ṣẹ̀dá pẹnisílìn? Lórí ọ̀rọ̀ “aṣẹ̀dá” àti “àkàndá”

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Òmù-Àrán dábàá pé nínú ìwé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, kí a pe ẹni tó bá mú ohun tuntun jáde ní “aṣẹ̀dá”, kí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ta yọ láàárín wọn sì máa jẹ́ “àkàndá”. Wọ́n ní orí ẹnìkan ṣoṣo ni ohun ńlá ti ń jáde, wọ́n sì fi Einstein, onímọ̀ fíṣíìsì, ṣe ẹ̀rí. Mi ò fara mọ́ ọn.

Ti “àkàndá” kò le. Àwọn tó ní ìpèníjà ara ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ń pè ní àkàndá ẹ̀dá báyìí, ọmọ tó bá kà á nínú ìwé wa yóò ṣì í gbọ́.

“Aṣẹ̀dá” gan-an ni ìjà mi. Ní Ìlọrin níbí, Ọlọ́run là ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pè. Olùkọ́ tó bá dúró níwájú ọmọ àáfáà, tó ní Edison ni aṣẹ̀dá iná, àlàyé yóò pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ká tiẹ̀ fi ti ẹ̀sìn sílẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀dá nǹkan kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ta ló ṣe irú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì?

Ẹ jẹ́ ká mú pẹnisílìn, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé Alexander Fleming ló ṣe é. Lóòótọ́, ní 1928, ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, Fleming rí i pé ohun kan tó hù nínú àwo rẹ̀, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu, ń pa kòkòrò àrùn tó wà nítòsí rẹ̀. Ojú rẹ̀ mú, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ kò rí oògùn yọ níbẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí Howard Florey àti Ernst Chain ní Oxford tó gbé iṣẹ́ náà dìde, Norman Heatley ló sì rí ọgbọ́n tí wọ́n fi yọ oògùn náà láìjẹ́ kó bàjẹ́. Ogun ń jà nígbà yẹn, ohun èlò wọ́n. Heatley ya àwòrán àwo tí yóò bá iṣẹ́ wọn mu, àwọn amọ̀kòkò ìlú Burslem sì bá wọn mọ ọ́n, amọ̀kòkò bíi ti àwọn ìyá wa ní Dada, l'Ókèlele. Ọ̀dọ́bìnrin mẹ́fà ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú àwọn àwo náà. Ní 1941 wọ́n fún ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, ní oògùn yìí. Ara rẹ̀ ti ń yá kí oògùn tó tán. Wọ́n ń yọ èyí tó bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde kí wọ́n lè tún fi fún un, síbẹ̀ ó kú. Ìlú Peoria ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe é lọ́pọ̀ yanturu.

Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé ní 1945, Fleming, Florey àti Chain ló pín in. Heatley kò sí níbẹ̀. Ọdún 1990 ni Oxford ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oyè ọ̀mọ̀wé ìṣègùn dá a lọ́lá. Ẹ̀gbọ́n, èwo nínú wọn ni aṣẹ̀dá?

Ní ti Einstein, 1905 kò ṣeé jiyàn lé. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ni ní Bern, ó sì gbé ìwé mẹ́rin jáde tó yí fíṣíìsì padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń wá ìṣirò tó lè gbé èrò rẹ̀ nípa òòfà, agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Marcel Grossmann ló fọ̀nà hàn án. Ní May 1919, Eddington, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, lọ sí erékùṣù Príncipe, lágbègbè òkun tiwa níbí, láti fi ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ dán èrò náà wò nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, kí ayé tó gba ọ̀rọ̀ Einstein gbọ́.

Àbúrò wa kan ní ká yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò, kí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ “iṣẹ́ àjọṣe”. Ìyẹn náà ò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ìlú Èsìẹ́ ní Kwara. Ère òkúta ibẹ̀ lé ní 1,000, ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A ò mọ orúkọ ẹyọ ẹnìkan nínú àwọn tó gbẹ́ wọn. Ó ń dùn mí gan-an ni. Ọ̀rọ̀ tó bá ní “gbogbo wa la ṣe é” lè gbé ẹni tó ṣe é mì.

“Hùmọ̀” ni mo fara mọ́. A ti ní in tẹ́lẹ̀, ìmọ̀ sì wà nínú rẹ̀ ketekete. Kí ẹnìkan jẹ́ olùhùmọ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, kí wọ́n jẹ́ alájọhùmọ̀, kí a sì to orúkọ wọn. Kí “ṣàwárí” wà fún ẹni tó kọ́kọ́ rí ohun tó ti wà nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní hùmọ̀ máa ń bá ibi rìn. “Gbìmọ̀” náà máa ń bá ibi rìn, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ là ń pe àwọn tó ń jókòó ṣètò ìlú.

Bí mo ṣe fẹ́ kí ìwé wa kà rèé: “Fleming ṣàwárí pẹnisílìn ní 1928, Florey, Chain, Heatley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló jọ hùmọ̀ bí ó ṣe di oògùn.” Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sì sọ orúkọ tí ẹ rò pé ó yẹ ká yọ.