Iléeṣẹ́ ọmọ 12 lábẹ́ iléeṣẹ́ ìyá kan: ta ni iṣẹ́ àyíká wà lọ́rùn rẹ̀?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń dá ìnáwó rẹ̀ ṣe. Ènìyàn méjì péré ló wà ní orí-iléeṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ èéfín, omi àti ààbò òṣìṣẹ́. Ta ló yẹ kó dáhùn?

Olùṣirò: Ọ̀gá iléeṣẹ́ ọmọ ni, kì í ṣe àwọn méjì yẹn. Kí iléeṣẹ́ ìyá di ohun mẹ́ta mú: ìlànà, ohun tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wọ̀n, ọjọ́ tí wọn á fi ìṣirò wọn ránṣẹ́. Bí wọ́n ṣe máa dín dísù (epo dísẹ́lì) tí wọ́n ń jó kù, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Àmọ́ kí ìgbìmọ̀ olùdarí wọn buwọ́ lu ìṣirò yẹn bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lu ìṣirò owó.

Ayẹ̀wéwò: Ààlà, ìyẹn èéfín ta ni ẹ máa kà mọ́ tiyín, ló máa ń dàrú jù. GHG Protocol, ìlànà àgbáyé fún ìṣirò èéfín, gba kẹ́ ẹ fi ìpín ìdókòwò tàbí àkóso pín in. Ká ní ẹ ní 40% nínú iléeṣẹ́ kan tẹ́ ò darí: ní ti ìpín, 40% èéfín rẹ̀ jẹ́ tiyín; ní ti àkóso, kò wọ Scope 1 (èéfín tẹ́ ẹ tú jáde fúnra yín) àti Scope 2 (ti iná mànàmáná tẹ́ ẹ rà) yín rárá, Scope 3 (èéfín àwọn mìíràn tó jẹ mọ́ iṣẹ́ yín) ló bọ́ sí. Ẹ mú ọ̀nà kan nínú méjèèjì fún gbogbo iléeṣẹ́ ọmọ.

Iléeṣẹ́ ọmọ mìíràn á tún kọ owó tó fi ra dísù dípò líta. Owó ń yí, irọ́ ni iye yẹn á pa! Líta nìkan ni kẹ́ ẹ gbà. Orí-iléeṣẹ́ á sọ ọ́ di nǹkan bíi 2.7 kg CO2 fún líta kan.

Olùbéèrè: Tí ẹnì kan bá kọ̀ láti fi ránṣẹ́ ńkọ́?

Olùṣirò: Ẹ so ó mọ́ owó àjẹmọ́nú ọ̀gá ibẹ̀. Lẹ́tà ìránnilétí ò ṣe nǹkan kan.